Ẹ má fi ìsúnmọ́ igbó Ọ̀ṣun nìkan yan ilé ìtura

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Tí oṣù kẹjọ ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ìdànrè máa ń gbé wá sọ́dọ̀ àwa tí à ń bá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò ọdún Ọ̀ṣun: “Ilé ìtura wo ló sún mọ́ igbó Ọ̀ṣun jù?” Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹni tó bá fi í ṣíwájú ló sábà máa ń sun oorun ààbọ̀, tí kò ní rí omi wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Arugbá, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì ìkẹyìn ọdún tí wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun máa ń lọ sódò, tí á wá máa bínú sí ìlú Òṣogbo tí kò ṣẹ̀ ẹ́. A fẹ́ kí ẹ bá wa gbé àlàyé yìí jáde kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í san àsansílẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Igbó Ọ̀ṣun-Òṣogbo fẹ̀ tó héktà 75, odò Ọ̀ṣun sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ gba inú rẹ̀ kọjá. Láti 1965 ni ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa, àjọ UNESCO sì fi sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwọn ère ńláńlá tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger ọmọ Austria tó papòdà ní 2009, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀ ló ń fa àlejò wá jálẹ̀ ọdún. Ọdún Ọ̀ṣun ní tiẹ̀ ló ń fa èrò rẹpẹtẹ. Igbó tí òfin dáàbò bò ni, nítorí náà kò sí ilé ìtura nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ “ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun” sí lára lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé òdìkejì ìlú ló wà pátápátá. Ẹ béèrè orúkọ àdúgbò, ẹ béèrè orúkọ òpópónà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ilé ìtura tí kò bá lè fi ojúlé rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé kì í ṣe inú igbó nìkan ni ọdún ti ń wáyé. Ààfin Àtaọ́ja àti agbègbè Ọjà Ọba ló ń gbé apá tó pọ̀ jù. Ààfin ni wọ́n ti ń tan àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún, tó máa ń jó láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ààfin náà ni Arugbá ti ń gbé igbá jáde kó tó forí lé odò. Ẹni tó bá fẹ́ wo àtùpà, tí á kúrò níbẹ̀ láago kan òru, ilé ìtura tó sún mọ́ ààfin ló yẹ kó wá, nítorí kẹ̀kẹ́ Márúwá kò pọ̀ nígbà yẹn, ọ̀kadà tó bá sì wà á bu owó lé èèyàn lórí. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ìkẹyìn nìkan ló fẹ́ rí, ohun tó ṣe pàtàkì fún un ni ọ̀nà tí á gbà jáde. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn agbófinró máa ń dí ọ̀nà tó lọ síbi igbó, èrò á kún ojú títì bámúbámú, mọ́tò tó bá sì ti wọlé sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárọ̀ kò ní ráyè jáde títí èrò á fi tú. Ẹni tó dé sí tòsí igbó lè fẹsẹ̀ rìn lọ, ẹsẹ̀ náà ló máa fi rìn bọ̀, àmọ́ mọ́tò rẹ̀ á há.

Fún ìdí èyí, ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó ń gbé mọ́tò bọ̀ láti Àkúrẹ́ ni pé kó wo apá Òkèfìà, Ògo-Olúwa tàbí ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Títì ibẹ̀ fẹ̀, ilé oúnjẹ pọ̀, kẹ̀kẹ́ sì wà tí á gbé èèyàn dé ibi tí wọ́n ti dí ọ̀nà, kó wá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Tí Òṣogbo bá sì ti kún, kó má lọ fi owó ńlá gba yàrá játijàti. Ẹdẹ kò jìnnà rárá. Iléṣà ló tiẹ̀ dáa jù fún ará Àkúrẹ́, nítorí ojú ọ̀nà ilé ló wà: láti Àkúrẹ́ a gba Ìgbàrà-Òkè, Ọ̀wẹ̀nà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà dé Iléṣà, ó wá ku nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà kí á dé Òṣogbo. Ẹni tó bá sùn sí Iléṣà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó sì tètè jí, á dé Òṣogbo kí wọ́n tó dí ọ̀nà. Tí èrò bá tú lọ́sàn-án Ẹtì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà ilé ló ti rìn tán tó bá padà dé Iléṣà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rin ọ̀nà yẹn lóru nítorí kó má bàa san owó yàrá ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fọgbọ́n mú àlejò jù. Ẹ má bi wọ́n pé, “Ṣé iná wà?” Kò sí ilé ìtura tó máa dáhùn pé kò sí. Ẹ bi wọ́n pé: tí NEPA bá mú iná lọ́sàn-án, ṣé ẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀ àbí ó di alẹ́? Aago mélòó lẹ ń tàn án, aago mélòó lẹ ń pa á? Ṣé ó ń gbé éésì gbogbo yàrá àbí fáànù àti gílóòbù nìkan? Èsì tó wọ́pọ̀ ni aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ìyẹn kò burú fún ẹni tó máa wà níta látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gbé ìyá àgbà tàbí ọmọ ìkókó lọ́wọ́, tó fẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́sàn-án, kò gbọ́dọ̀ gba irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ “iná wákàtí 24” báyìí nítorí pé wọ́n ra ínfátà tàbí sólà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 200Ah, agbára iná inú méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ 4,800 wáàtì fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kéèyàn lò kó má bàa tètè bàjẹ́, ìyẹn 2,400. Éésì ẹṣin kan (1HP) máa ń jẹ nǹkan bíi 900 wáàtì. Yàrá kan ṣoṣo nìyẹn, kò sì ní tó wákàtí mẹ́ta tí á fi kú. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ínfátà ló ń gbé iná òru, ẹ mọ̀ pé fáànù, gílóòbù àti àyè tí ẹ máa fi gba iná sí fóònù ni wọ́n ń sọ. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọlé sí dáadáa, tí fáànù òkè rẹ̀ ń yí geere, sàn ju yàrá éésì tí wọ́n dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, tí iná á wá lọ láago méjì òru. Kí ẹ ṣáà ti mọ èyí tí ẹ ń sanwó fún.

Ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí náà ṣe kókó. Yàtọ̀ sí ariwo, èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tó ń jẹ́ carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà jìnnà sí fèrèsé tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ojú ibi tí èéfín ti ń jáde má sì kọ sí ilé. Tí ẹ bá dé, ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀yìn kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ògiri bá ti dúdú fún èéfín lábẹ́ fèrèsé yín, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá, ẹ má jiyàn.

Omi. Ilé ìtura tó bá kún ni omi rẹ̀ máa ń tán, àsìkò ọdún gan-an ló sì máa ń kún. Ẹ wò ó: yàrá 20, èèyàn méjì-méjì, ogójì èèyàn nìyẹn. Ẹni tó fi páìlì wẹ̀ á lo ogún líítà. Ẹni tó dúró sábẹ́ ṣáwà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè lo ọgọ́rin líítà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gba líítà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án nígbà kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ Ẹtì tí gbogbo wọn fẹ́ tètè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n bá ń lo ṣáwà, táǹkì 2,000 líítà á ti gbẹ kí gbogbo wọn tó wẹ̀ tán. Iná ló sì ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú bohóólù, nítorí náà tí wọ́n bá ti pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́fà, táǹkì kò ní rí omi mìíràn. Ẹ béèrè iye táǹkì tí wọ́n ní àti bó ṣe tóbi tó. Tí wọ́n bá ní “méjì, 5,000 líítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan,” ó dáa. Tí wọ́n bá ní “omi wa kì í tán,” ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ìtura tí ẹ bá rí páìlì ńlá tó kún fún omi nínú balùwẹ̀ rẹ̀ ti fún yín lésì láìsọ̀rọ̀. Kí ẹ ṣe tiyín náà: ẹ pọn omi sínú páìlì yẹn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí ẹ tó sùn.

Ẹ wo inú àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Tí ìlà pupa bí ìpẹtà bá wà ní ojú ibi tí omi ń gbà, irin ló pọ̀ nínú omi bohóólù wọn. Kò ní pa yín, àmọ́ ẹ má fi fọ aṣọ funfun tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sódò, torí á ba aṣọ náà jẹ́. Omi gbígbóná tún wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná máa ń jẹ iná tó 1,500 sí 2,000 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé òun àti éésì pọ̀. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ tàn án nígbà tí iná NEPA bá wà, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó wọ balùwẹ̀.

Nínú ilé ìtura kan náà, yàrá kan lè tura kí èkejì sì jẹ́ ìyà. Èyí tó wà ní òkè pátápátá lábẹ́ páànù máa ń gbóná títí di ọ̀gànjọ́, pàápàá tí síìlì rẹ̀ bá fẹ́lẹ́. Èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọ sí ìwọ̀-oòrùn ti fi oòrùn ọ̀sán yan ara rẹ̀ kí ẹ tó dé. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀fọn àti ọ̀rinrin ló máa fi kí yín káàbọ̀. Àsìkò òjò sì ni oṣù kẹjọ, bí òjò tiẹ̀ ń sinmi díẹ̀ nígbà náà. Èyí tó bá gbọ̀ngàn àríyá tàbí ibi ìmutí pààlà, ẹ má rò pé ẹ máa sùn kó tó rẹ àwọn tó wá ṣọdún. Àjà kejì nínú ilé alájà mẹ́ta, lẹ́yìn ilé, tí fèrèsé rẹ̀ kọ sí àríwá tàbí ìlà-oòrùn, òun la máa ń béèrè fún àwọn tí à ń mú lọ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Àwọn tó wà níbi ìgbàlejò mọ yàrá tó dáa nínú ilé wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń béèrè ni wọ́n máa ń fún.

Ìlú odò ni Òṣogbo, igbó wà níbẹ̀, ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn máa ń di ẹ̀fọn tó ń fò nínú omi tó dúró sójú kan, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe òórùn oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ igun nẹ́ẹ̀tì: ibẹ̀ ló sábà máa ń ya. Ìdun ńkọ́? Ẹ ká aṣọ ibùsùn kúrò ní igun fóòmù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rírán rẹ̀ àti sẹ́yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì. Àmì dúdú wínníwínní bí ẹni fi bírò tọ́ ọ ni ìgbẹ́ ìdun. Ẹ má gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, àga ni kí ẹ gbé e lé. Irin ojú fèrèsé sì gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kùn kan tó ṣeé ṣí látinú, kí ẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Olè nìkan kọ́ là ń sá fún, iná náà ń jó ilé.

Ó wá ku owó. Ẹ béèrè bóyá VAT, ìyẹn owó orí ọjà, wà nínú iye tí wọ́n pè. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni: yàrá ₦20,000 á di ₦21,500, òru mẹ́ta á fi ₦4,500 lé e. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀, fún èèyàn mélòó. Àsansílẹ̀ ni kí ẹ fún wọn, ẹ má san gbogbo owó tán. Orúkọ ilé ìtura náà ló yẹ kó jáde lórí fóònù tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiransífà. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ló jáde, ẹ dúró kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó ilé ìtura fúnra rẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà lórí Facebook. Àsìkò ọdún ni wọ́n máa ń ta yàrá kan fún ẹni méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń wọlé. Ohun tó ń gba èèyàn sílẹ̀ ni risíìtì tí wọ́n kọ irú yàrá, ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìjáde àti iye tó kù sí. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ tún pè láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì sapá láti dé kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù.

Àṣìṣe kan wà tó ń ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó: aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́ padà ní ibi tó pọ̀ jù. Aago méjìlá ọjọ́ Ẹtì, etí odò lẹ wà, Arugbá lè má tíì pẹ́ tó dé ibẹ̀. Ẹni tí kò san owó òru Ẹtì, tí kò sì kó ẹrù jáde láàárọ̀, á padà wá bá báàgì rẹ̀ nílẹ̀ níbi ìgbàlejò, tàbí kí wọ́n ní kó san owó ọjọ́ kan sí i. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn ọ̀rọ̀ yìí látorí fóònù, tàbí kí ẹ kó ẹrù sí búùtù mọ́tò kí ẹ tó jáde.

Ọ̀rọ̀ kékeré nípa omi odò tí àwọn èèyàn máa ń bù sínú kẹ́ẹ̀gì wá sí yàrá. Wíwa góòlù ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìkìlọ̀ sì ti jáde pé kí wọ́n má mu ún. Ìgbàgbọ́ kálukú ni tiẹ̀, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ dé kẹ́ẹ̀gì náà pinpin, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó, kí ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu. Oúnjẹ tí ẹ bá sì di láti ilé ìtura lọ sínú igbó, ẹ má dì í sínú ọ̀rá tó ń pariwo. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ mọ ìró rẹ̀ ju ẹ̀yin lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà nílé. Àwọn tó ń wá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600, Àkúrẹ́ níbí ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn, ní Alágbàkà àti Ìjàpọ̀. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú orúnkún tó ń gbọ̀n, omi àti iná kan náà ni wọ́n ń wá, irọ́ kan náà sì ni àwọn kan nínú wa ń pa fún wọn lórí fóònù.

Ohun tí a wá ń bẹ ẹ̀yin Olóòtú ni èyí: ilé ìtura tó bá gbé ìpolówó wá fún yín, ẹ má gba àwòrán bẹ́ẹ̀dì àti ti ọtí nìkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, iye líítà omi tí táǹkì wọn ń gbà, orúkọ òpópónà wọn àti aago tí wọ́n ń gba kọ́kọ́rọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni, kò ní gba àyè nínú ìwé ìròyìn yín. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, kí àwọn òǹkàwé rí i pé kò kọ ọ́.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí à ń ṣètò ìrìn-àjò,
Alágbàkà, Àkúrẹ́.